Ọwọ́ Òsì Tó Gbé Ọkọ̀ Òfurufú Sẹ̀kí

Òwúrọ̀ Sátidé yẹn, oòrùn yọ ní Huntstown, àdúgbò wa ní Dublin, nílẹ̀ Ireland. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, koríko ṣì tutù, àwọn aráàdúgbò wa sì ti bọ́ra sílẹ̀ bí ẹni pé Kánò ni wọ́n wà. Owó ń ya wọ Dublin nígbà náà, ilé ń hù bí olú. Pápá kan ṣoṣo tí wọn ò tíì kọ́lé sí lẹ́yìn ilé wa ni ọmọ mi Wàsíù kó wa lọ, pé a fẹ́ gbé ọkọ̀ òfurufú fò.

Ọkọ̀ òfurufú ọmọdé ni o, èyí tí wọ́n ń fi àpótí kékeré darí láti ilẹ̀. Àpótí náà ní ọ̀pá méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Sẹ̀kí, ọmọ Wàsíù, ló gé ọkọ̀ náà. Pákó rẹ̀ fúyẹ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni àwọn etí rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń padé lẹ́yìn ìyẹ́ àti ní ìrù. Àwọn ló ń sọ fún un kó gòkè, kó yà. Sẹ̀kí gé etí ìrù náà léraléra. Ó ní tó bá tóbi jù, ọkọ̀ á tàkìtì. Tó bá kéré jù, kò ní gbọ́ràn. Mo ní mo mọ ọmọ ènìyàn tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ òsì ló fi gé gbogbo rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí àgbàlá wa ní Ọ̀yọ́, òórùn ọṣẹ dúdú tí ìyá mi ń sè, àti ọjọ́ tí mo na òsì gba ẹ̀kọ mu. Àlòkù ọ̀já ni ìyá mi fi dè é mọ́ mi nídìí. Ó ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni." Kẹ́ ẹ wá wo ilé baba ọ̀hún: yàrá kan tó ń jò, lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n júwe rẹ̀ rí. Nílé ìwé náà, tíṣà ń fi ẹgba lé òsì mi kúrò nídìí ṣọ́ọ̀kì, títí èmi náà fi lé ara mi kúrò nílé ìwé.

Wàsíù ò mọ ìyẹn. Ó ti so gbogbo etí ọkọ̀ mọ́ ọ̀pá ọ̀tún.

"But Dad, that's the wrong hand."

"Sẹ̀kínátù, ọ̀tún la fi ń ṣe ohun rere."

Sẹ̀kí fi ọ̀tún darí rẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó tẹríba, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Etí ìrù já. Sẹ̀kí ò sunkún. Ó kàn rọra ki ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ abẹ́ súwẹ́tà. Mo mọ ọwọ́ tó bá ti sá pamọ́ báyìí. Kì í tètè padà.

"Wàsíù, ṣé ọ̀tún nìkan lo fi ń wẹ ọ̀tún?"

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọmọ mi."

"Máa tọ́ ọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. So etí ọkọ̀ mọ́ òsì fún un. Ilé baba ta ló fẹ́ júwe lókè níbẹ̀?"

Ó rojú, ó tú wáyà, ó tún un so. Sẹ̀kí fi téèpù lẹ etí tó já. Ọkọ̀ gòkè, ó yí po lórí àwọn ilé olówó gọbọi, ó sì padà wá bá ọmọ náà bí ẹyẹlé.

"It's grand, Grandma!"

Wàsíù ní atẹ́gùn ló bá a ṣe é. Atẹ́gùn tí kò fẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró nídìí síǹkì, mo mú ọ̀bẹ sọ́wọ́ òsì, mo ń bẹ pòtétò. Èèpo rẹ̀ nípọn, ó ṣe págunpàgun. Ọmọdébìnrin Ọ̀yọ́ yẹn ì bá bẹ ẹ́ dáadáa ju ìyá àgbà yìí lọ, ká ní wọn ò dè é lọ́wọ́ òsì. Wàsíù wọlé wá po tíì, ó dúró gbọnrangandan.

"Màámi, ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà. Bá mi gbé ìkòkò."

Ó ní òun ò rí i. Mo fi ọwọ́ òsì júwe ibi tó wà fún un.