Ọkọ̀ Aago Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Aago jẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ̀ ẹ̀. Àlòkù ni, ọ̀dà ara ẹ̀ ti ń bó, ìjókòó ẹ̀yìn sì ti ya débi tí fóòmù ń yọjú. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbọ́ láé pé ó takú sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ fíríìjì ni Aago ń ṣe. Ó kọ́ ọ lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ kí bàbá náà tó kú, òun ló sì fi ń bọ́ ara ẹ̀ àti ìyá ẹ̀. Bó bá ti kúrò ní yunifásítì lọ́sàn-án, ilé oníbàárà ló ń gbà lọ, á dojú fíríìjì bolẹ̀, á máa tú u. Kì í pẹ́ dé ibì kankan, ìdí tá a fi sọ ọ́ ní Aago nìyẹn. Kì í bínú sí orúkọ náà, àfi bí ìyá ẹ̀ bá wà nítòsí.

Yunifásítì wa tóbi ju ìlú mìíràn lọ, kò sì sí ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn níbẹ̀. Kálukú ń ti ilé ẹ̀ wá ni. Àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń jẹ oúnjẹ ìyá wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò sì dúró. Èmi náà ò ní purọ́, mo fẹ́ràn ilé ìkàwé wọn, nítorí kò sẹ́ni tó lè rán mi níṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o lè jókòó ti ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin kó o má mọ orúkọ ẹ̀. Bí olùkọ́ bá ti panu dé báyìí, gbogbo wa á tú ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí, kálukú ń sáré lọ bá ohun tó máa gbé e délé. Ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀ kò ju àwọn tá a jọ ń wọ ọkọ̀ Aago lọ.

Mẹ́rin ni wá. Aago ló ń wakọ̀. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níwájú. Aláròyé ni wọ́n ń pè mí, ẹ ò sì ní pẹ́ mọ ìdí ẹ̀. Olóorun wà lẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní tíì jókòó tán tí á ti máa hanrun. Onídìrí ló jókòó tì í. Obìnrin ni, ó sì dàgbà ju àwa tó kù lọ. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń dirí fún àwọn èèyàn, òun nìkan ló sì ń tọ́jú ìyá ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà lòun àti Aago wà. Nítorí pé Aago ò lè máa wakọ̀ kó tún máa kàwé, Onídìrí ló máa ń ka ìwé náà sókè láràárọ̀, láti àdúgbò wa títí dé ẹnu géètì. Á kà á tán, á bi Aago ní ìbéèrè, Aago á dáhùn, èmi tọ́rọ̀ ò kàn á máa dá sí i.

Òfin kan wà nínú ọkọ̀ náà: kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo mú òfin yẹn wá, kì í ṣe Aago. Ìgbà kan wà tá a dúró de Olóorun títí, nígbà tá a fi máa débẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, kò sì sẹ́ni tó ríbi wọlé nínú wa. Inú bí mi débi pé ẹnu mi ò dákẹ́ títí a fi padà délé. Mo ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tí kò bá sí lẹ́bàá títì nígbà tí ọkọ̀ bá dé, kó wá nǹkan mìíràn wọ̀. Gbogbo wọn gbà. Onídìrí tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní bí òun ṣe mọ ilé òun sí, òun ni òfin náà máa kọ́kọ́ mú.

Ó mú un lóòótọ́. Ìdánwò àṣekágbá ẹ̀kọ́ kan wà fún Aago àti Onídìrí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe é lọ́dún. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, a dé ibi tá a ti máa ń gbé Onídìrí, a ò bá a. Aago dúró, ó ń wo ọ̀nà ilé wọn. Èmi ń wo fóònù mi, mo ń wo ojú ẹ̀, mo ń pòṣé. Nígbà tó yá, mo ní òfin ni òfin. Ó gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀.

A ò tíì rìn jìnnà lójú títì márosẹ̀ tí Onídìrí fi pè mí. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ìyá òun ló ṣubú láti orí ibùsùn, òun nìkan ló sì gbé e dìde, ká jọ̀ọ́ ká padà wá. Mo sọ fún Aago. Ó ní kò sí ibi tá a ti lè yípo títí dé iwájú pátápátá, bá a bá sì padà, kò sẹ́ni tó máa bá ìdánwò nínú àwọn méjèèjì. Òótọ́ ló sọ. Mo ní kí Onídìrí má bínú.

Aago yege ìdánwò náà dáadáa. Ohun tí Onídìrí ti ń kà sí i létí láràárọ̀ ni wọ́n bi wọ́n. Onídìrí fúnra ẹ̀ débẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe bọ́ sí kíláàsì ìkẹyìn nìyẹn, tí òun sì dúró sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì ìdánwò, ó ti wà lẹ́bàá títì ká tó dé. Ó wọlé, ó ní ká má bínú, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá wa lánàá. Òun ló ń bẹ̀ wá o. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí Onídìrí máa wọ ọkọ̀ yẹn tí kò ní sọ pé "ẹ má bínú o", kódà bó jẹ́ àwa la pẹ́. Èmi máa ń dá a lóhùn pé kò sí wàhálà. Aago kì í sọ nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni ìwà Aago yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ àdúgbò wọn lọ gbé obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lọ tú fíríìjì ìyá Onídìrí fọ̀, fíríìjì tí nǹkan kan ò ṣe o. Ó wá ní kí n bọ́ sẹ́yìn kí Onídìrí lè máa jókòó níwájú. Èmi, nínú ọkọ̀ tí mo ti ń wọ̀ kó tó mọ Onídìrí! Mo bi í bóyá ìfẹ́ ló kó sí i lórí. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo wọn, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká mọ ọjọ́ ìgbéyàwó ká lè lọ ránṣọ. Onídìrí rẹ́rìn-ín. Aago kàn ń wo ọ̀nà. Ó ń rù, ìyá ẹ̀ sì ti bi mí pé kí ló ń jẹ ọmọ òun lọ́kàn, mo ní mi ò mọ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Aago jáde ní yunifásítì, ó ní kí n dúró de òun níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Inú ọkọ̀ la jókòó sí, oòrùn ń pa wá, kò ṣí fèrèsé.

Ó ní, "Mo rí i."

Mo ní ta ló rí.

"Onídìrí. Lọ́jọ́ ìdánwò. Bí mo ṣe gbéra báyìí, mo rí i nínú dígí, ó ń sáré bọ̀, ó ń juwọ́. Mo sì lọ."

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹ̀rù ìdánwò yẹn ló ń ba òun, ó ní òun sì mọ bí ẹnu mi ṣe máa rí bí òun bá tún dúró. Kó tó di pé òun rò ó dáadáa, a ti yí kọ́nà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kan èmi náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó gbé e mì. Mo ní bí Onídìrí bá gbọ́, á bínú sọ̀kalẹ̀, ta ni yóò wá máa gbé e?

Ó ní, "Ó ń bẹ̀ mí láràárọ̀. Mi ò lè gbà á mọ́."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pa ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà Onídìrí. Obìnrin náà jáde, ó ń nu òróró irun kúrò lọ́wọ́, ó wọlé síwájú. Bó ṣe ní "ẹ má bín", Aago dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí mọ́. Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń sáré bọ̀, mo sì fi yín sílẹ̀."

Onídìrí ká aṣọ ìnuwọ́ ẹ̀, ó fi í sínú báàgì. Ó ní, "Mo mọ̀."

Olóorun pàápàá ò hanrun mọ́.

"O tẹ bíréèkì. Iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ tàn, mo rò pé o ti rí mi. Mo wá dẹwọ́ eré nítorí èémí ti ń tán lára mi. Ni iná bá kú."

Aago gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ó ní kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí.

"Kí n sọ ọ́, kí n wá máa fẹsẹ̀ rìn? Ọkọ̀ wo ló tún ń ti ibí lọ síbẹ̀, tó máa dá mi padà kí ebi tó pa ìyá mi?"

Àṣé gbogbo "ẹ má bínú" yẹn, owó ọkọ̀ ló ń san fún wa. Aago ní títí Onídìrí á fi gba ìwé ẹ̀rí, kódà bí òun bá ti jáde, òun á máa wá gbé e. Onídìrí ní òun gbọ́, kó ṣáná sí ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a débẹ̀, a ò bá a lẹ́nu ọ̀nà. Aago pa ọkọ̀. A jókòó, à ń dúró dè é. Nígbà tó pẹ́, Onídìrí jáde, ó ń rọra rìn bọ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó ní, "Ẹ káàárọ̀." Kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ìdánwò wà fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọ́ jáde.