Bàbá Koh àti Àpótí Aláìgbọràn

Lọ́jọ́ tí Bàbá Koh gbé kọ̀ǹpútà rìn kiri, ìdajì àwọn ará àdúgbò wa ní ìlú Tainan ló gbé abọ́ jáde. Ohùn obìnrin inú kọ̀ǹpútà náà ló fà á. Bàbá Koh kò ríran, ohùn yẹn ló máa ń ka gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún un, ó sì ti ní kó máa kéde bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé òun ṣe lágbára tó. Ó fi épírọ́ọ̀nù ìyàwó rẹ̀ so kọ̀ǹpútà mọ́ àyà, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ohùn náà sì ń pariwo: "Ogójì! Márùndínlógójì!" Bẹ́ẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ oní-wàrà sóyà ṣe máa ń fi ohùn ẹ̀rọ pariwo iye owó kọjá nìyẹn. Kí la fẹ́ rò?

"Ogójì ti wọ́n jù," ni Màmá Tan aránṣọ wí. "Ẹ jẹ́ ó di ọgbọ̀n."

"Ọgbọ̀n kẹ̀!" Bàbá Koh fara ya. "Èmi ń sunkún pé ó ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yin tún ń já a!"

"Ìkòkò wàrà yín dà?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń wá!"

"Kò burú," ni Màmá Tan wí, ó na abọ́ sí i. "Ẹ ṣáà bá mi fẹ̀pà sí i."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Bàbá Koh rárá. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fífọwọ́ ra ara fún àwọn ènìyàn, kò sí ohun tó fi ń gbádùn ayé rẹ̀ bí ayò ṣẹ́ẹ̀sì wa, èyí tó ní ẹṣin, erin, ìbọn ńlá àti ọ̀gágun, tí wọ́n bá sì ti mú ọ̀gágun, ayò parí. Orí kọ̀ǹpútà lòun àti àwọn afọ́jú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ta á, ohùn inú ẹ̀rọ á sì máa sọ ibi tí oníkálukú sún ọmọ ayò rẹ̀ sí. Àmọ́ òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tí líìnì rẹ̀ bá já tí kò tètè padà, ó ti fìdí rẹmi. Líìnì Bàbá Koh kì í sì í já lọ́dọ̀ ẹlòmíì àfi tó bá ń bá Màmá Khu ta, nítorí ayò tiwọn ló máa ń pẹ́ jù. Afọ́jú ẹlẹ́nu mímú kan ni obìnrin náà, ó ń gbé ní ìlú Keelung lọ́hùn-ún.

"Ìgbà tí mo bá ti ká ọ̀gágun rẹ mọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ máa ń kú," Màmá Khu wí lójú gbogbo ẹgbẹ́. "Ìwọ lò ń fa wáyà yọ. Ojo!"

Kí wọ́n pe Bàbá Koh ní afọ́jú, kò kàn án. Ṣùgbọ́n ojo tí wọ́n pè é yẹn, kò jẹ́ kó lè jẹun. Kò lè jókòó, kò lè dìde. Ó pe ilé-iṣẹ́ tó fún un ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

"Sà, iná aláwọ̀ wo ló ń tàn lára àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín?" ni ọmọbìnrin tó gbé fóònù bèèrè.

"Ọmọ mi, mi ò ríran."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé ó ń ṣẹ́jú ni àbí ó dúró sójú kan?"

"Mo ní mi ò ríran!"

"Mo gbọ́ yín, sà. Ìbéèrè tí wọ́n ní ká bèèrè nìyẹn, mi ò lè fò ó."

Bàbá Koh gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí náà tó kọjú sí fèrèsé bó ṣe máa ń gbé e lé ẹ̀yìn àwọn oníbàárà rẹ̀. "Ara rẹ̀ gbóná. Ó ń kùn díẹ̀ lápá òsì. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Àwọ̀ yẹn ò sí lọ́dọ̀ wa, sà."

Ó sú Bàbá. "Ó dáa, àwọ̀ ewé ni."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn pátá!"

"Ẹ ṣeun, sà. A jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín." Ó dágbére fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì pa fóònù.

Ìdí nìyẹn tí Bàbá Koh fi so kọ̀ǹpútà mọ́ àyà lọ́jọ́ tí mò ń wí, kó lè fi etí ara rẹ̀ wá ibi tí ìṣòro wà. Ó rìn títí ó fi dé abẹ́ fèrèsé pálọ̀ ara rẹ̀, ni ohùn náà bá ké: "Àádọ́rùn-ún!" Ó dúró gbagidi. Báwo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa lágbára níta tí kò ní lágbára nínú ilé? Ó wọlé, ó fọwọ́ wá àyíká àpótí náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ọ̀rá ìpápánu rẹpẹtẹ lórí rẹ̀ àti ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àfi apá fèrèsé, gbogbo wọn ń pariwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ a máa gbé ọ̀rá gúgúrú kan lé e lórí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ ẹ̀rọ náà pé kó ṣe ọmọ dáadáa. Aláwọ̀ ewé nìkan ló ń jẹ́. Ẹni tó bá gbé yẹ́lò lé e ń wá wàhálà ni. Ṣùgbọ́n bébà tó ń dán bíi fàdákà ló wà nínú ọ̀rá náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í rí i gbà kọjá.

"Bi-chu! Kí lèyí?"

"Gbogbo ìgbà tó bá já ni mò ń ra ọ̀kan kún un," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni, ọkọ mi."

"O ò bẹ̀ ẹ́ o! O sin ín láàyè ni!"

Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún un nítorí àlàáfíà ilé, ó kó ìyókù síta, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń jẹ wọ́n. Màmá Tan ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Bàbá bu díẹ̀ sínú rẹ̀ fún un.

Bàbá Koh pe Màmá Khu kíá, ó ro gbogbo ẹjọ́ fún un.

"Gúgúrú?" Màmá Khu rẹ́rìn-ín. "Nínú gbogbo irọ́ tó o ti ń pa, èyí ló dùn lẹ́nu jù."

Látọjọ́ náà, líìnì kò já mọ́. Màmá Khu wá ń lù ú lálùbolẹ̀, Bàbá kò sì rí àwáwí kankan wí. Lẹ́yìn ìgbà tó fìdí rẹmi léraléra, Bi-chu gbọ́ tó ń rọra bèèrè bóyá ọ̀rá gúgúrú kankan ṣì kù ní kíṣìnnì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Bàbá Koh kú, lórí àga rẹ̀, níbi tóun àti Màmá Khu ti ń ta ayò lọ́wọ́. Bi-chu gbé èso wọlé fún un, ó pè é, kò dáhùn. Nígbà tó yá, obìnrin náà pa kọ̀ǹpútà dé nítorí kò lè fara da ohùn tó ń sọ pé ó kàn án láti ta. Bí líìnì ṣe já nìyẹn. Lọ́hùn-ún ní Keelung, ẹ̀rọ kí Màmá Khu kú oríire, pé ó ti borí.

Màmá Khu kò gbà. Ó pe alága ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n yọ ìborí náà kúrò lórúkọ òun. Alága ní, "Màmá, Bàbá Koh ti kú."

"Ẹṣin rẹ̀ ti ká ọ̀gágun mi mọ́," ni Màmá Khu wí. "Ó kù kó ta á ni. Ta ló máa ń fa wáyà yọ nígbà tó bá ń borí? Líìnì rẹ̀ ló já. Gbogbo ìgbà yẹn, líìnì rẹ̀ ló já."

Ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ìsìnkú. Ó di Bi-chu lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sunkún, a bá wọn sunkún. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rá gúgúrú kan jáde nínú báàgì, ó ní àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bàbá Koh ni òun rà á fún.

Bi-chu wò ó. "Màmá, yẹ́lò ni wọ́n tà fún yín."

"Gbé e lé e," ni Màmá Khu wí. "Àpótí yẹn náà kò kúkú ríran."

Bi-chu rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì gbé e lé e.