Bọ́ọ̀lù Tó Ba Ọmọ Ọlọ́mọ Lágbọ̀n

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi fídíò eré mi han bàbá mi lórí fóònù, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ló ń lé ọ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi, eré kíríkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Èmi ni mo ń sáré bọ̀ láti òkèèrè kí n tó ju bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó mú igi lọ́wọ́ níwájú má baà rí i gbá. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn le?"

"Ó le bí òkúta, Bàbá."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n, ẹ̀yìn Ṣakí ni oko wọn wà. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo wà tí kóòṣì kan fi rí mi níbi tí mo ti ń sáré ìje, tó ní kí n wá gbìyànjú kíríkẹ́ẹ̀tì. Kò pé ọdún mẹ́ta tí mo fi wọ aṣọ aláwọ̀ ewé Nàìjíríà, tí mo we ìborùn mi sábẹ́ fìlà, tí mo ń ṣeré ní ìlú onílùú. Wọ́n ní kò sí obìnrin tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ yá tó tèmi nínú ẹgbẹ́ wa. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀. N ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kan, a ń bá àwọn onílé ṣeré ní orílẹ̀-èdè kan ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ara mi sì ti ń gbóná. Kóòṣì ẹgbẹ́ wa pariwo pé kí n sọ ọ́ mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó lè fò sókè sí i. Mo sáré, mo sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù fò nílẹ̀, ó gba abẹ́ irin tó bo ojú akoto tó dé sórí wọlé, ó bà á lágbọ̀n. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì dojú bolẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu rẹ̀. Mo ń wí pé, "Jọ̀ọ́, má bínú, jọ̀ọ́." Yorùbá ni mo ń sọ sí i, n ò tiẹ̀ mọ̀.

Àwa la borí. Nírọ̀lẹ́, kóòṣì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sáré fà mí dìde. Egungun àgbọ̀n ọmọ náà ti sán, kò lè sọ̀rọ̀. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó nà án sí mi: "N ò rí bọ́ọ̀lù yẹn rárá. Báwo lo ṣe dì í mú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omi ló bọ́ lójú mi. Mo mú ọsàn kan lórí tábìlì, mo fi bí mo ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú hàn án.

Nígbà tí a dé ilé, ọwọ́ mi kọ̀. Mo lè sáré bọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó bá ku kí n jù ú, apá mi á rọ.

Kóòṣì ní, "Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Kò dùn mí, sà."

Ó ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oko bàbá mi ni mo gbà lọ. Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn lórí ebè. Wọ́n fi ọkọ́ lélẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á, Bàbá. N ò fẹ́ kó fara pa."

"Sọ ìyẹn fún òun náà," ni wọ́n wí. "Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi yìí gan-an. Má bù ú kù."

Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni èsì dé: "Èmi náà máa ń fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín tí mo bá di igi mú. Padà síbi eré, jọ̀ọ́."

Mo padà. Mo ṣeré fún ọdún méjì sí i, ṣùgbọ́n n ò ju bọ́ọ̀lù sí orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹsẹ̀ wọn àti igi mẹ́ta tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ sẹ́yìn wọn ni mo ń fojú sùn. Àwọn tó ń bá wa díje mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dúró dè mí. Kóòṣì kò bá mi jà, ó kàn ń lo àwọn ẹlòmíì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé orúkọ àwọn tí wọ́n mú sínú ẹgbẹ́ jáde, tèmi ò sí níbẹ̀. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń ṣe olùkọ́ báyìí.

Ọjọ́ tí orúkọ náà jáde, ilé ni mo wà. Mo sọ fún ìyá mi pé wọn ò mú mi.

Wọ́n ní, "Ṣé o máa bá wa ṣọdún Iléyá nílé nìyẹn?"

"Ẹ̀ẹ́n, Màmá, mo máa wà nílé."

"Alihamudulilai."

Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo sì jáde lọ bá wọn ṣa ẹ̀wà.