Odó Tí Mo Dà Dojúdé

Mo rántí ìgbà tí odó mi wà ní ìdojúdé lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní Ìsọlọ̀, èmi ọmọ Èkìtì! Owó epo ń ṣàn nígboro nígbà náà, ọkọ̀ ẹrù ń tẹ̀lé ara wọn láti àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ lọ sí Òṣòdì. Ọkọ mi ti wà lára àwọn tó ń dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́nà rí, mi ò ní fi bò. Òun ni wọ́n máa ń tì síwájú, tòun ti kùmọ̀ lọ́wọ́. Ó ti kúrò láàárín wọn kó tó fẹ́ mi, ó ń ru ìgàn aṣọ nílé iṣẹ́ kan. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, mo sì rò pé ohun tó ti tán ti tán. Ọmọdé ló ń ṣe mí.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, mo ní kí n gún iyán, kó lè mọ irú ẹni tó fẹ́. Mi ò tíì gún un débì kan tí mi ò fi rí ọkọ mi mọ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá a, odindi géńdé, ó di etí méjèèjì, ó ń gbọ̀n. Èmi òpònú bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé iyán Èkìtì lẹ ń sá fún báyìí?"

Ó ní, "Jọ̀ọ́, má gún un mọ́. Bí kùmọ̀ ṣe máa ń dún lẹ́yìn èèyàn nìyẹn."

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Irọ́ ni, nílé tiwa o. Ẹni tó na èèyàn gan-an ni kò rí i gbàgbé. Mo da odó dojúdé, ẹ̀bà la sì ń jẹ títí mo fi bímọ.

Ìyá mi wá láti ilé wá bá mi wẹ ọmọ. Ìgbà tó rí odó tí aláǹtakùn ti ta sí, inú bí i. "Iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn! Irú ọkọ wo ni kì í jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀ gúnyán? Bí kò bá lè bọ́ ẹ, màá gbé ìwọ àtọmọ lọ sílé." Bí mo bá sọ ohun tí ọwọ́ ọkọ mi ti ṣe sẹ́yìn fún un, ọjọ́ yẹn gan-an la máa lọ.

Ọkọ mi ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Èmi fúnra mi ni màá gún un."

Ó fọ odó, mo se iṣu. Ìgbà tó sọ ọmọ odó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó dijú pinpin. Òógùn bò ó, omijé sì ń bá a wá. Mo fẹ́ gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹ̀, ó mirí. Ó tún gún un, ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Ìgbà náà la gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ara ẹ̀ pé, "Iṣu ni. Iṣu ni."

Ìyá mi wojú mi. Àgbà ni, kò béèrè nǹkan kan. Iyán náà kún fún kókó, obìnrin tó lè da iyán ẹlòmíì sẹ́yìn torí kókó kan ṣoṣo sì jókòó, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, iyán yìí kúná." Kò sọ̀rọ̀ àtilọ sílé mọ́.

Àwọn ọmọ mi ti ra ẹ̀rọ agúnyán fún mi báyìí. Ó dáa, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń ka àwọn akọni Ìsọlọ̀ àtijọ́, ẹ bá mi fi ọkọ mi sí i, mo fi í yangàn. Gbogbo Ọjọ́ Àìkú ló ń gún iyán, gbogbo ìgbà ló ń dúró láàárín láti sọ fún ara ẹ̀ pé iṣu ni. Títí ó fi kú, kókó ò tán nínú iyán ẹ̀. A ò ṣẹ́ ẹ kù rí.