Ìrotí Tí Wilf Rí Lẹ́yìn Ààlà

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni Wilf Garrod.

Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Avis ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀, Wilf kì í kúrò nílé àfi láàárọ̀ Sátidé. Àbúrò Avis obìnrin á wá jókòó tì í, Wilf á gbé ẹ̀rọ tó fi ń wá irin nínú ilẹ̀, ó di oko Borrett. Èmi náà ní ẹ̀rọ tèmi, a jọ ń lọ ni. Tó bá di ọ̀sán, á padà sílé. Ìyókù ọ̀sẹ̀, oògùn ni, aṣọ ìbùsùn ni, fèrèsé ni. Kò ráhùn sí mi rí. Ó kàn máa ń dé oko ṣáájú mi, òjò ìbáà máa rọ̀.

A kì í ṣàdédé wọ oko olóko ní Suffolk níbí, nílùú òyìnbó. Borrett gbà wá láyè, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀: ẹsẹ̀ wa kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ Ìyá Thurkettle, opó tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà. Wọn kò kí ara wọn mọ́ látìgbà tí Borrett ti hú àwọn igi tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà láàárín oko méjèèjì. Kùkùté igi óákù kan ló kù tí a fi ń mọ ààlà.

Lẹ́yìn ìkórè àlìkámà, ẹ̀rọ Wilf dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Ó kúnlẹ̀, ó gbẹ́ ẹ. Bàbà ni, kò gùn ju ìka lọ, ọ̀pá rẹ̀ lọ́ bí okùn, orí rẹ̀ dà bí ṣíbí tí kò ju hóró àlìkámà lọ. Ìrotí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni. Mo ti rí èyí tó kán rí. Odindi, n kò rí i rí.

"Etí ta ni wọ́n fi èyí ro?" Wilf bi mí.

"Etí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ń pè tí kò gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

A kì í lọ sílé láì fi ohun tí a rí han olóko. Orí jíìpù Borrett la máa ń tò ó sí.

"Ibo lo ti rí i?" Borrett bèèrè.

"Níbi kùkùté."

"Kùkùté wo? Mo ti hú u lóṣù tó kọjá."

A wẹ̀yìn wo oko. Kùkùté kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ààlà; kùkùté mìíràn ni, inú oko Ìyá Thurkettle ló wà, lọ́hùn-ún.

"A ti kọjá ààlà nìyẹn," ni Wilf wí.

Mo rò pé Borrett máa bú wa. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Ta ló rí yín? Sọ fún àwọn ará ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pé ilẹ̀ mi lo ti rí i. Kí ìyá yẹn gbọ́, kí inú ẹ̀ bà jẹ́."

"Kì í ṣe ilẹ̀ rẹ."

"Wilf, má ṣe pásítọ̀ fún mi. Tó o bá ní tiẹ̀ ni, o ti wọ ibi tí mo ní kó o má wọ̀ nìyẹn, má wá síbí mọ́. Tó o bá ní tèmi ni, ó di Sátidé."

Nínú mọ́tò, mo ní kó parọ́ náà. Irọ́ kékeré ni.

"Ibi tí nǹkan ti jáde la fi ń mọ̀ ọ́n," ló ní. "Láìsí ìyẹn, irin lásán ni." Nígbà tó yá, ó ní, "Sátidé nìkan ni mo ní."

Ó gbé ìrotí náà sápò títí ọ̀sẹ̀ fi ń parí lọ. Avis ló sọ èyí fún mi.

"Kí lò ń fọwọ́ bò kiri bí ẹni tó jí ẹyin?" Avis bi í.

Ó fi hàn án, ó sì rò fún un.

"Borrett? Borrett tí kò lè fọ bàtà ara ẹ̀, òun ló fẹ́ kọ́ ẹ nírọ́?" Avis wò ó. "Fi ro etí mi. Ọwọ́ mi ò débẹ̀. Ó ti ń yún mi tipẹ́."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"O kì í jókòó."

Wilf kò fi ro etí rẹ̀. Ó ní ti ẹlòmíì ni.

Ní Sátidé, mo fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ Ìyá Thurkettle. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Ilẹ̀ yín ni mo ti gbẹ́ èyí, mà. Mo ṣi ààlà mọ̀ ni."

"Ìwọ lo kan pósí ọkọ mi."

"Èmi ni, mà."

"Pósí náà dára." Ìyá gba ìrotí, ó gbé e sójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò oògùn.

"Ṣé mo lè máa wá, mà? Láàárọ̀ Sátidé nìkan."

"Rárá o. Ẹnikẹ́ni ò ní gbẹ́ ilẹ̀ mi. O ṣeun." Ó tilẹ̀kùn.

A gba ọ̀dọ̀ Borrett kọjá, Wilf sọ ohun tó ṣe fún un. Borrett rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀. Ó fa ṣéènì sí géètì, ó tì í.

Àbúrò Avis ṣì ń mu tíì nígbà tí a wọlé.

"O tètè dé! Kí n wá ní Sátidé tó ń bọ̀?"

"Wá ṣe kí ni?" ni Wilf wí.

Nígbà tí ìyẹn lọ, ó mú píìnì irun Avis, ó tẹ orí píìnì náà kó lè dà bí ìrotí, ó wé òwú mọ́ ọn, ó jókòó sẹ́bàá ìbùsùn láti ro etí rẹ̀.

"Rọra," Avis ní. "Èmi kì í ṣe pákó."

"Má mira."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Avis sọ fún mi pé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹyin sísè kan ni Wilf jẹ, àti èèpo búrẹ́dì yíyan tí òun jẹ kù.