Òórùn Epo ní Ọ̀nà Oǹdó

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń lé kiri Àkúrẹ́, èmi náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń mi mọ́tò. Tí o bá ti tò láti àárọ̀ tí ó wá kàn ọ́, tí ọ̀pá epo dún "kàá" pé táǹkì ti kún, o kò ní gbà. Wàá sọ̀kalẹ̀, wàá fi ìdí ti mọ́tò, wàá máa mì ín síwá sẹ́yìn kí epo lè jókòó dáadáa, bí a ti ń gbọn kóńgò gàrí kí ó lè gbà sí i. Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, tèmi ti síkẹ́ẹ̀tì àti bàtà gogoro, mo máa ń mì ín títí ẹni tí ń ta epo á fi máa rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ó ti tó o!" Mo ní kò tíì tó. Ọ̀nà Oǹdó jìn.

Ìyá mi ni mò ń torí rẹ̀ lọ sí Oǹdó. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu apá ọ̀tún rẹ̀. Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ó sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni kí òun tún lè di bírò mú. Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ tí ó ń bá a na àwọn ìka ọwọ́ náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Méjì nínú wọn ti ń ṣí. Ìyá mi kò sì gbà láti kúrò ní Oǹdó wá bá mi gbé ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Ó ní òun kò lè fi ilé ọkọ òun sílẹ̀ fún aláǹgbá. Nítorí náà, màá lọ gbé e, màá sì tún dá a padà.

Ìgbà náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn epo ni, ó ń gba ẹ̀yìn wọlé, ó ń wọ aṣọ, ó ń fọ́ni lórí. A kò tíì kọjá Bọ́lọ́rundúró tí ìyá mi fi bì sí ìró rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún bì. Lọ́sẹ̀ kẹta ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn mú, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. N kò lè wọ nǹkan yìí mọ́." A gbìyànjú takisí, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń kó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣe é ká.

Mo gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ní ibì kankan kò jò. Ó pààrọ̀ ìdérí táǹkì. Ó ṣì ń rùn. Ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó pààrọ̀ rọ́bà orí pọ́ǹpù. Ó tún ń rùn sí i. Inú bí mi débi pé mo jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, lọ́jọ́ kejì mo padà lọ bẹ̀ ẹ́, nítorí ta ni mo tún mọ̀? Ọjọ́ Ẹtì sì ń kọjá. Tí mo bá pe ìyá mi, á ní, "Mò ń nà án fúnra mi," mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà sú mi, ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Epo kún táǹkì, n kò sì lè gbé ìyá mi lọ síbì kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì keje tí a ti pa jẹ, ẹnì kan júwe rẹ́wáyà kan tí ń tún iná mọ́tò ṣe fún mi, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó ní ẹ̀rọ tí ń fẹ́ èéfín. Ó fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà epo mọ́tò náà, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó. Èéfín funfun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, lára rọ́bà kan tí ó ti sán.

"Epo gan-an kọ́ ló ń jò, Màdáámù. Atẹ́gùn epo ni." Ó tú àpótí dúdú kan jáde níbẹ̀. "Èédú ló wà nínú èyí. Òun ló yẹ kó máa gbé atẹ́gùn yẹn mì, títí ẹ́ńjìnnì á fi fà á jó." Ó dorí àpótí náà kodò, epo sì ń kán sílẹ̀. "Epo ti rin ín gbingbin. Ẹ máa ń mi mọ́tò ní ilé epo, àbí?"

Mo ń wo epo tí ń kán sílẹ̀.

"Gbogbo wa là ń mì ín," ó wí, bí ẹni tí ń tù mí nínú. "Tí táǹkì bá ti ní òun kún, ibi tí èyí tí a fi tipá rọ sí i ń bá lọ nìyí."

Ó fi àpótí tòkunbọ̀ àti rọ́bà tuntun síbẹ̀. Òórùn náà lọ pátápátá.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀ lé e, ìyá mi wọ mọ́tò, ó fa imú, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, obìnrin náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó ń na àwọn ìka. Wọn kò nà. Àwọn méjì tí ó ti ń ṣí náà ti ká mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó tún gbìyànjú, ìyá mi sì ké.

"Màmá, ọ̀sẹ̀ méje ti pọ̀ jù. Wọ́n ti gan." Ó wò mí bí ó ti ń sọ ọ́. Ó ní a ó máa gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí a má retí bírò mọ́.

Ìyá mi ló dá a lóhùn. "Má wo ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Mọ́tò ló ṣàìsàn."

Bí a ti ń padà lọ sí Oǹdó, ó bi mí ní ohun tí wọ́n ní ó ṣe mọ́tò náà gan-an.

Mo ní, "Ó ti gbó ni, Màámi."

Ó gbé ọwọ́ òsì lé mi léjìká. "Ọlọ́run á fún ọ ní tuntun. Ìyà tí o jẹ lórí mi ti pọ̀."

Mo ní àmín.