Òróró Nínú Iṣan Ológbò Wa

Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Àárọ̀ Sátidé ni, mo ń po kókó lọ́wọ́ nílé wa ní Ungwan Boro, Sájẹ́ńtì ológbò wa sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń gbọn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bí ẹni tó tẹ omi. Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀, itọ́ ti ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó ṣubú, gbogbo ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo mọ ohun tí mo ṣe.

Eégbọn ló bo ológbò náà lára. Bọ̀sẹ̀, ọmọ mi ọdún mẹ́tàlá tó ni ín, ti ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Mo ní kí ló kan dókítà nínú ọ̀rọ̀ eégbọn? Lọ́jọ́ Jímọ̀ mo ra oògùn lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta oògùn ẹran nítòsí gárééjì tí wọ́n ń pè ní Television. Ó fi èdè Haúsá kìlọ̀ fún mi o. "Na shanu ne, ba na mage ba," ti màlúù ni, kì í ṣe ti ológbò. Mo rẹ́rìn-ín. Tí màlúù bá ń gba odidi ife, kí ni ìdajì ìdérí ìgò lè ṣe fún ológbò? Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo sì gbà pé ìṣirò mi pé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo dà á sí i lẹ́yìn nígbà tí Bọ̀sẹ̀ wà ní ìdánrawò akọrin.

Màmá Ayọ̀, ará ìlú wa tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbọ́ igbe Bọ̀sẹ̀, ó sì gbé epo pupa dé. "Ẹ là á lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n ro ó sí i! Epo ló ń pa oró." Ọlọ́run ló yọ wá, eyín ológbò náà ti wa pọ̀. A fi tówẹ̀lì wé e, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Dókítà náà, obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, gbé e lé tábìlì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló jẹ, àbí kí ló kàn án lára?"

Bọ̀sẹ̀ ń wò mí lójú. "Bóyá ó jẹ eku tó jẹ ọ̀tápíápíá ni," mo ní.

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn tó ń pa oró yẹn sínú abẹ́rẹ́. Ìgbà náà ni Bọ̀sẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tí kì í fi í dáni lóhùn, sọ̀rọ̀. "Mummy, ba mu da ọ̀tápíápíá a gida." A ò ní in nílé.

Ìgò oògùn màlúù náà wà nínú báàgì mi. Mo ti gbé e láti ilé, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n mú un jáde. Mo gbé e lé tábìlì. "Èmi ni. Èmi ni mo fi pa á lára."

Dókítà ka ara ìgò, ó da ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ nù, ó ní pẹmẹ́tírìn ni, oògùn tó ń pa kòkòrò ara ẹran. Ẹ̀dọ̀ màlúù lè fọ́ oògùn yìí sí wẹ́wẹ́ kí ó bá ìtọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára náà, torí náà èyí tó kéré lójú wa ti pọ̀ jù fún un. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ gìrì. Gìrì náà rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbé e.

"Ó kù kí a fi òróró sí i nínú iṣan," dókítà ní.

Òróró kẹ̀? Mo ròyìn epo pupa Màmá Ayọ̀ fún un. Ó ní ewu ńlá nìyẹn: ẹni tí gìrì ń gbé kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni epo máa lọ. Ti inú iṣan yàtọ̀. Ọ̀rá kan ni, ó funfun bíi mílíìkì, wọ́n fi ń bọ́ aláìsàn tí kò lè jẹun. Oró yìí fẹ́ràn ọ̀rá, nítorí náà tí ọ̀rá bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, oró lè fi ọpọlọ sílẹ̀ kó lọ lẹ̀ mọ́ ọn. "Kò dájú o, màmá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn."

Ilé oògùn kan ní Malali ni wọ́n ti máa gbé òróró náà wá. A jókòó dè é láàárín ọkùnrin tó gbé àgbò wá àti ìyá àgbàlagbà kan tó gbé adìẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Bọ̀sẹ̀ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì kejì. Láti inú yàrá, à ń gbọ́ bí èékánná Sájẹ́ńtì ṣe ń lu tábìlì. Mo ń gbàdúrà kí ariwo náà dákẹ́, mo sì ń bẹ̀rù kó má lọ dákẹ́.

Wọ́n gbé e dé. Wọ́n kọ́kọ́ rọra fa díẹ̀ sínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá so ìyókù kọ́ bíi dírípù. Bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ohun gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sáré wọlé. Ó nà gbalaja, kò mira. Mo figbe ta. Dókítà gbé ọwọ́ mi lé ìhà rẹ̀: ó ń mí. "Oorun ni, màmá."

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó lá omi fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta ó jẹ ẹja.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò, ẹ má fi ti màlúù tàbí ti ajá wọn án. Bí aburú bá sì ti ṣẹlẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà kíákíá. Mo purọ́, àmọ́ ara ẹranko náà kò purọ́. Bó ṣe rí gan-an ló fi hàn wá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń dúpẹ́.

Ọjọ́ tí a gbé Sájẹ́ńtì délé, orí itan mi ni ó wá sùn sí. Mo ní kí Bọ̀sẹ̀ wá gbé e, pé kò tọ́ sí mi.

"Ki bar shi, Mummy. Ya yafe miki." Kí n fi í sílẹ̀, ó ti dárí jì mí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Tukuna," ó ní. Òun kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó jókòó.